Odò Olótùútù

Mo ń sáré. Iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan ń fò tẹ̀ lé mi bí ọ̀pọ̀lọ́, èèpo igi tí mo bó lẹ́yìnkùlé rẹ̀ sì wà nínú àpò mi. Èmi ni Ọdẹ́tùndé, ọmọ ọdẹ ará Òkè-Àgbọn. Ibà ti dá Ṣọlápé ìyàwó mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èèpo yìí nìkan ni a kò tíì lò. Bí oòrùn bá wọ̀ kí n tó gbé e délé, ó di igi lásán.

Iwin náà padà nígbà tó dé ààlà ilẹ̀ rẹ̀. Èmi náà dúró, n kò sì lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Itan mi le bí odó.

Odò kan wà níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó sínú rẹ̀, omi mù ún dé ọrùn, ẹja ń sùn nínú irun rẹ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún mi kọ̀.

"Má da ara rẹ láàmú, ọdẹ. Wọnú omi, kó dé ìbàdí rẹ."

"Ìyá, nílé wa, omi gbígbóná la fi ń jó irú ẹsẹ̀ yìí."

"Ta ni yóò bá ọ gbé e kaná níhìn-ín? Iwin tí o jà lólè?"

"Mo ń kánjú, ìyá."

"Kí ni yóò gbé ọ délé, ìkánjú àbí ẹsẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ni."

"Wọnú omi nígbà náà. Yóò kọ́kọ́ ta ọ́. Bí títa náà bá dáwọ́ dúró, dìde, máa lọ."

Mo fi àpò kọ́ igi, mo wọnú omi. Omi náà bù mí jẹ bí ìjàlọ. Lẹ́yìn náà, ìrora ń fi itan mi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tó ń dágbére. Títa náà dáwọ́ dúró. Ìyá ti sùn lọ.

N kò dìde. Wọn kò kọ́ mi láti kúrò níwájú àgbà láìtọrọ àyè, n kò sì lè jí i. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀. N kò mọ ìka ẹsẹ̀ mi lára mọ́.

Ó lajú. "O ṣì wà níbí?"

"Ẹ ń sùn, ìyá. Mo fẹ́ tọrọ àyè kí n máa lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn ẹja fi jí lórí rẹ̀. "Wọ́n tọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n odò kò mọ ìyẹn. Mo ti fún ọ láyè kí o tó wọnú omi. Lọ."

Itan mi ti fúyẹ́. Mo já àpò mi lórí igi. Mo sáré. Oòrùn ṣì wà lórí òrùlé nígbà tí mo dé. Ṣọlápé mu àgbo èèpo náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó bi mí pé ta ló jẹ ẹran inú ọbẹ̀ òun.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, bí eré sísá tàbí iṣẹ́ bá mú kí ẹsẹ̀ yín le, ẹ wọnú omi tútù. Bí ó bá ti tó, ẹ jáde. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìka méjì wà lẹ́sẹ̀ òsì mi tí kò mọ iná yàtọ̀ sí omi títí dòní.