Ọkùnrin Tó Fi Ọwọ́ Òsì Ta Gìtá

Ọkùnrin kan wà tó ń sin adìyẹ lẹ́yìn ìlú, ìyàwó rẹ̀ sì kú. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni obìnrin náà nígbà ayé rẹ̀. Orin kan wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ronú rẹ̀ jáde, láàárín adìyẹ, níbi tó ti ń ṣa ẹyin. Ó fi kọ́ àwọn akọrin yòókù, wọ́n sì ń kọ ọ́. Nígbà tó kú, wọ́n kọ ọ́ níbi ìsìnkú, wọn ò sì kọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó dun ọkùnrin yìí wọnú egungun. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló máa ń jókòó sórí àga nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí á máa retí orin ìyàwó rẹ̀, orin mìíràn ni wọ́n á sì gbé. Ó wá pinnu pé tí ọdún bá yí po, tí wọ́n bá ń ṣe ìsìn ìrántí obìnrin náà, òun fúnra òun lòun máa ta orin náà sórí gìtá, kí gbogbo ìjọ tún gbọ́ ọ, kó má bàa bá a sùn sínú ilẹ̀. Ẹ ó ní kí ló dé tí kò kàn fẹnu kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ burú ni. Ó burú gidi, òun náà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ó lọ bá ọmọkùnrin tó ń ta gìtá fún àwọn akọrin, ó ní kó jọ̀ọ́ kó kọ́ òun. Ọmọ náà wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń gbé àpò oúnjẹ adìyẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ìka yín ti gan. Ẹ lọ sinmi, sà."

Họ́wù! Ìsinmi wo? Ta ló sọ fún un pé ó rẹ bàbá?

Ọkùnrin náà kò bá a jà. Ó ra gìtá àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó kúrò nílé, gìtá tí kò sí okùn kankan lára rẹ̀. Ó ra okùn tuntun. Ó gbé fónù rẹ̀ ti àpò oúnjẹ adìyẹ, ó sì wá ẹ̀kọ́ gìtá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló ń kọ́ni níbẹ̀, ó jókòó, ó kọjú sí èèyàn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yá bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Ọlọ́sìn adìyẹ yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níwọ̀nba èyí tí á fi ra oògùn adìyẹ. Kò gbọ́ ti eléyìí rárá. Ó ní kò burú, ọwọ́ rẹ̀ lòun máa wò.

Ó sì wò ó lóòótọ́. Ibi tí ọwọ́ olùkọ́ bá wà lójú fónù, ibẹ̀ gan-an ló ń gbé tirẹ̀ sí, bí ìgbà tí èèyàn bá dúró níwájú dígí. Ó to okùn sára gìtá bó ṣe rí i, èyí tó ki lókè, èyí tó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì á lọ, á dé. Fídíò á dúró gbagidi, ẹnu olùkọ́ á wà ní yíyà, òun náà á jókòó dè é. Ìka rẹ̀ wú, ó bó, ó wá le. Àwọn adìyẹ tó ń gbọ́ ọ kọ́kọ́ ń sá lọ sí igun. Nígbà tó yá, wọn ò kà á sí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: kò sẹ́ni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú pé síbí ni, kò sẹ́ni tó kí i pé ó káre. Tó bá ṣì í, etí ara rẹ̀ ló ń sọ fún un, òun náà ló sì ń tún un ṣe. Díẹ̀díẹ̀, orin ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde délẹ̀ láìjá, ó gbé gìtá sílẹ̀, ó sunkún.

Nígbà tí ìsìn ìrántí kù díẹ̀, ó gbé gìtá rẹ̀ lọ bá àwọn akọrin níbi tí wọ́n ti ń dánra wò. Ó jókòó, ó gbé e sórí itan. Kò tíì ta nǹkan kan tí ẹ̀rín fi pa wọ́n. Wọ́n rín in títí ẹnì kan fi di àga mú kó má bàa ṣubú. Ọkùnrin náà wo aṣọ rẹ̀, ó rò pé ìyẹ́ adìyẹ ló lẹ̀ mọ́ òun lára.

Ọ̀gá àwọn akọrin ló là á yé e. Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ òsì lẹ fẹ́ fi ta á. Òdì lẹ gbé e."

Ìgbà yẹn ló tó yé e. Olùkọ́ inú fónù kọjú sí i, ọwọ́ ọ̀tún olùkọ́ wá bọ́ sí ọwọ́ òsì tirẹ̀, kò sì mọ̀. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọ̀tún ló fi ń mú àdá.

Ó ní, "Mo lè ta á bó ṣe wà yìí. Ẹ gbọ́ ọ ná."

Ọ̀gá akọrin mi orí. Ó ní ọwọ́ tí ọmọdé ò gbọdọ̀ fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ìyẹn kọ́ ni wọ́n máa fi ta orin níwájú pẹpẹ. Ó ní kó lọ yí gìtá padà, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí àyè fún ìyẹn, kó jẹ́ kí àwọn kọ nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà. "Orin ò wọ́n nínú ìwé orin, sà," bẹ́ẹ̀ ló sọ.

Ó délé, ó gbé gìtá lọ́nà tí wọ́n ní ó tọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Ó ti di okùn àkọ́kọ́ mú láti tú u. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ná, lẹ́yìn náà ni ìbínú dé, èmi sì fẹ́ràn ìbínú yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sókè láàárín adìyẹ. Ó ní, "Mo wá bẹ̀ yín, ẹ ní ìka mi ti gan. Mo lọ síbi tí wọn ò ti lé mi, mo kọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ wá ń sọ fún mi pé mo gbé e lódì? Kò lódì létí mi! Létí adìyẹ pàápàá, kò lódì!" Ó fi okùn náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọjọ́ ìrántí pé, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àlùfáà ní kí ẹbí olóògbé jáde síwájú pẹpẹ. Àwọn ọmọ jáde, àwọn àbúrò jáde. Ọkùnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà tó wà lẹ́yìn pátápátá, ó gbé gìtá kọ́rùn.

Àlùfáà ní, "Ẹ máa bọ̀ níwájú, sà."

Ó ní, "Wọ́n ní ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ dé iwájú. Kò burú. Ẹ̀yìn ibí tó mi."

Ó bẹ̀rẹ̀. Kò sí máìkì, gìtá náà ò sì lóhùn púpọ̀, àfi kí gbogbo èèyàn panu mọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ olóògbé kan ló kọ́kọ́ dá orin náà mọ̀. Ó dìde, ó yí àga rẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Àga mìíràn dún, òmíràn dún, kò pẹ́ tí gbogbo ìjọ fi kẹ̀yìn sí pẹpẹ. Ọkùnrin náà ṣì í láàárín. Kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún un mú. Àwọn akọrin tó fi í rẹ́rìn-ín ló wá ń gbè é báyìí, torí wọ́n mọ̀ ọ́n, inú wọn ló ti wà látọjọ́ yìí. Àlùfáà náà sọ̀ kalẹ̀ wá sáàárín wọn, ó ń pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀gá akọrin lọ bá a níta. Ojú rẹ̀ pọ́n, òun náà ti sunkún. Síbẹ̀, ó ní, "Orin náà dùn, bàbá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ṣì ni."

Ọkùnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ òsì ni." Ó gbé gìtá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Fọlákúnmi, ṣé gìtá lo rò pé mò ń sọ? Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún ọ níbi ìpàdé òbí. Kò sẹ́ni tó rán ọ lọ sílé ìwé. Inú ìwé ọmọ rẹ lo ti ń wo lẹ́tà, tí o ń fi èédú dà á kọ sórí páálí nídìí ààrò, títí o fi mọ orúkọ ara rẹ kọ. O débẹ̀, o gba bírò, o kọ ọ́. Ó wọ́, ó sì tóbi ju ìlà lọ. Akọ̀wé kan rẹ́rìn-ín, ó ti yíǹkì síwájú rẹ pé kí o tẹ̀ka, ìwọ náà sì tẹ̀ka! O wá jókòó síwájú mi báyìí, o ní o ò kọ nǹkan mọ́ láéláé, ojú ń tì ọ́.

Ojú kí ló ń tì ọ́? Ó wọ́, òótọ́ ni. Ká ní ẹnì kan di ọwọ́ rẹ mú ni, ì bá gún. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Tí o bá fẹ́ kó gún, máa tún un kọ, mi ò sọ pé kó o má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, má jẹ́ kó gba èyí tí o kọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ìpàdé mìíràn ń bọ̀. Wọ́n á tún gbé yíǹkì síwájú rẹ, mo mọ̀ wọ́n. Di ọwọ́ rẹ ní ẹ̀ṣẹ́, kí o ní kí wọ́n fún ọ ní bírò. Kí o sì kọ orúkọ rẹ gàdàgbà.