Ẹ̀rọ Afẹ́wé Tí Ìjàpá Pọ̀n

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ ń tòògbé lẹ́bàá ògiri yẹn, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò, ó fò, ó bà lé orí Ìjàpá, ó bà lé orí Òkété, ó wá jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan báyìí.

Ní ìgbà kan rí, Òkété jẹ́ opó. Ọkọ rẹ̀ fi ọmọ márùn-ún sílẹ̀ fún un, kò fi oko sílẹ̀, kò fi aṣọ sílẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ kò ju ilẹ̀ tí ihò wọn wà àti igi àgbálùmọ̀ tó dúró láàárín ilẹ̀ náà lọ. Igi yìí ni oko wọn. Igi yìí ni ọjà wọn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí koríko gbẹ, tí ilẹ̀ le bí òkúta, àgbálùmọ̀ tí Òkété bá ṣà jọ sínú ihò ni àwọn ọmọ ń jẹ títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀. Bí kò bá sí àgbálùmọ̀, kò sí oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ sì mọ̀ pé a kì í ká àgbálùmọ̀. A kì í gùn ún, a kì í gbọ̀n ọ́n. Èyí tí a bá fi ipá ká, oje rẹ̀ á lẹ ètè pọ̀, á sì kan gógó. Fúnra rẹ̀ ni í bọ́ nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Nítorí náà ni àwọn ẹranko ṣe fi í ṣòfin pé: ilẹ̀ ẹni tí a bá ti bá a, òun ló ni ín.

Ta ni aládùúgbò Òkété? Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìjàpá ni. Ìlà pèrègún kan ló pààlà sáàárín wọn.

Ní ìdájí, Ìjàpá á lọ jókòó sídìí pèrègún, á máa gbọ́ bí àgbálùmọ̀ ṣe ń bọ́ lọ́hùn-ún. Gbì! Á dá itọ́ mì. Gbì! Á tún dá itọ́ mì. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á tún jókòó. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ kan, ó yọ orí láàárín pèrègún, ó kí Òkété tó ń gbá ewé.

"Ìyá Àjíkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbálẹ̀ náà lẹ ṣì ń bá yí? Ẹ̀yìn yín kò ní kán?"

"Kí ni kí n ti ṣe, Bàbá Ìjàpá? Ewé kì í gbá ara rẹ̀."

"Ó ti ń gbá ara rẹ̀ láyé ìsinsìnyí! Àkókó ti ń ta ẹ̀rọ afẹ́wé. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kí ẹ bá mi yan èyí tó dáa."

Àkókó ni alágbẹ̀dẹ ìlú. Ẹnu rẹ̀ ni òòlù rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ kan kó má fi ẹnu kàn án: kó, kó, kó.

"Báwo ni ọgbà yín ṣe tóbi tó?" ni ó bi Ìjàpá.

"Ó tóbi gan-an ni."

"Ó tóbi níbo?" ni Òkété wí. "Bó bá sín ní ìdí ògiri, pèrègún á gbọ̀n."

Àkókó rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá. "Èyí ló bá yín mu nígbà náà. Bátìrì ló ń lò. Kò wúwo, kò pariwo. Ọwọ́ kan lẹ ó fi dì í mú. Ewé gbígbẹ ló ń fẹ́, ohun tó kù á dúró sáyè rẹ̀."

Ìjàpá kò tilẹ̀ wò ó. Ó ti na ọrùn sí ẹ̀yìn ilé. "Kí ni gìrìwò yẹn?"

"Ìyẹn? Ìyẹn kì í ṣe ti ọgbà inú ilé. Bẹntiróòlù ló ń mu. Àwọn tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ ló ń rà á, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń pọ̀n ọ́n sí bí ọmọ. Bí ẹ bá gbé e wọ ọgbà kékeré, kì í ṣe ewé nìkan ni yóò kó lọ. Á kó yanrìn, á kó òkúta wẹ́wẹ́, á kó ohunkóhun tó bá bọ́ sílẹ̀."

Òkété rí i tí ojú Ìjàpá tàn yanran. Ó rò pé ariwo ẹ̀rọ ló wù ú. Ọkùnrin ṣáà fẹ́ràn ohun tó bá ń pariwo. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀.

"Èyí gan-an ni mo fẹ́," ni Ìjàpá wí.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o." Kó, kó, kó. "Kí ẹ tó tàn án, ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ fi nǹkan bo ojú, ẹ fi nǹkan bo imú. Ẹ dojú ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀, ẹ má gbé e sókè. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má kọjú sí atẹ́gùn. Ẹni tó bá kọjú sí atẹ́gùn, ara rẹ̀ ló ń fẹ́ ìdọ̀tí sí."

"Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́! Ta ni kò mọ bí a ṣe ń fẹ́ ewé?"

Okùn tó wà lára ẹ̀rọ kò ká igbá ẹ̀yìn Ìjàpá. Ni Òkété bá tú ọ̀já tó fi pọ̀n ọmọ rẹ̀ kékeré, ó fi gbá ẹ̀rọ náà mọ́ Ìjàpá lẹ́yìn, ó ta á ní kókó, ó tún un ta. Ọwọ́ ló fi gbé ọmọ tirẹ̀ délé. Ó fi ọ̀já ọmọ di irinṣẹ́ lé olè lẹ́yìn, kò mọ̀.

Bí wọ́n ṣe délé, Ìjàpá ní, "Ìyá Àjíkẹ́, n ó máa bá yín gbá tiyín láràárọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Opó ni yín, mo mọ ohun tí ojú yín ń rí. Kìkì pé kí ẹ máa kó àwọn ọmọ wọlé, kí ẹ sì dí ẹnu ihò. Eruku ẹ̀rọ yìí kò dáa fún ojú ọmọdé."

Òkété kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ o!

Láti ọjọ́ náà, bílẹ̀ bá ti ń mọ́, Ìjàpá á wọ ọgbà Òkété, á dúró sí ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, á kọjú sí ilé ara rẹ̀, á tan ẹ̀rọ. Gbàùùù! Ariwo náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ orin tó ń kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin máa gbọ́ ọ. Ẹ bá mi gbè é:

Ewé gbígbẹ, sún lọ,
*Fẹ̀ẹ̀ẹ̀, máa lọ!*
Ewé tútù, sún lọ,
*Fẹ̀ẹ̀ẹ̀, máa lọ!*
Ohun tí kì í ṣe ewé ńkọ́?
*Fẹ̀ẹ̀ẹ̀, máa lọ!*
Ilé Ìjàpá ni kó o sùn,
*Fẹ̀ẹ̀ẹ̀, máa lọ!*

Nígbà tí Òkété bá jáde, ilẹ̀ á mọ́ bí àwo tí ajá lá. Kò sí ewé kan. Kò sí àgbálùmọ̀ kan. Ó kọ́kọ́ rò pé igi ló ń lọ́ra. Ó gbójú sókè, èso pọ́n rẹ́rẹ́ lórí igi. Ó yí igi po, ó tún un yí po. Ó ń gbọ́ gbì, gbì ní ìdájí, níbo ni wọ́n ń gbà lọ? Àwọn ọmọ ti ń lá èèpo ọjọ́ pípẹ́. Èyí kékeré ń sunkún. Òkété kò lè sùn, kò lè jókòó. Bó bá wọ ihò, á tún jáde. Bó bá jáde, á tún wọlé.

Ihò òkété kì í ní ẹnu kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dẹ ẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan, ó dí ẹnu ihò tó wà níwájú bí Ìjàpá ṣe wí, ó gba ti ẹ̀yìn yọjú. Ó rí àgbálùmọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń yí gbirigbiri lábẹ́ ewé, tí wọ́n ń gba àárín pèrègún kọjá bí ọmọ tó gbọ́ pé oúnjẹ ti jinná nílé. Lẹ́yìn pèrègún, òkìtì ewé àti àgbálùmọ̀ ti ga ju Ìjàpá lọ.

"Ìjàpá! Ìwọ!" Bàbá ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Oúnjẹ ọmọ mi lò ń fẹ́ lọ!"

Ìjàpá pa ẹ̀rọ. "Oúnjẹ ta? Kí ni òfin wí? Ilẹ̀ ẹni tí a bá ti bá a, òun ló ni ín. Ilẹ̀ ta lo ti bá a?"

"Ilẹ̀ mi ló bọ́ sí!"

"Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tó bọ́, ìwọ tó o dí ihò mọ́rí? Ẹ wo abara-móore-jẹ! Mo gbálẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń pè mí lólè. Òkété, báyìí nìwà rẹ. Gbogbo ayé ló mọ̀."

Òkété gba ẹnu ẹ̀yìn wọ ihò rẹ̀ padà. Ebi ọmọ ń dùn ún, ṣùgbọ́n ohun tó gún un lọ́kàn jù ni ìkúnlẹ̀ tó kúnlẹ̀.

Láti ìgbà náà, Ìjàpá kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Á dé láàárọ̀, á dé lọ́sàn-án. Bí Òkété bá dúró síwájú ẹ̀rọ, á da yanrìn bò ó. Ni obìnrin náà bá ń rìn jìnnà wá ẹyìn fún àwọn ọmọ, á sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu kó tó padà. Nítorí èyí, iṣẹ́ kan wà tó máa ń ṣe lọ́dọọdún tí kò rí àyè ṣe. Àtẹ́ ọparun kan tí ọkọ rẹ̀ kàn fún ìtàkùn láti fà gùn wà ní igun ọgbà. Wèrèpè máa ń fà gun àtẹ́ náà. Òkété a máa da omi sí i, á fà á tu kí èso rẹ̀ tó gbẹ. Lọ́dún yìí, ó gbẹ.

Ọyẹ́ wá dé. Láti ìhà ilé Ìjàpá ló ti ń fẹ́ bọ̀, ó ń ta ètè, ó ń gbé eruku. Ó sì ti àwọn àgbálùmọ̀ tó tóbi jù lọ sábẹ́ àtẹ́ yẹn gan-an.

Ìjàpá dé, ó rí wọn, ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó lọ sílẹ̀. Ó bọ́ sẹ́yìn àtẹ́.

Òkété ń wò ó. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò bá mi wí? Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbà fún un.

"Má fẹ́ ibẹ̀ o! Wèrèpè ló wà lórí àtẹ́ yẹn, ó ti gbẹ. Ọyẹ́ sì kọjú sí ọ. Rántí ohun tí Àkókó wí!"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọgbọ́n àtijọ́! Nítorí èyí tó pọ́n jù lo ṣe fẹ́ fi wèrèpè dẹ́rù bà mí." Olè kì í gbà pé ẹlòmíì lè sọ òótọ́.

Kò bo ojú. Kò bo imú. Ó fa okùn ẹ̀rọ. Gbàùùù!

Irun wèrèpè dìde bí èéfín. Ọyẹ́ pàdé rẹ̀, ó dá a padà. Ó wọ ojú Ìjàpá, ó wọ ihò imú rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ìjàpá yára fa orí wọ inú igbá. Ẹ ò rí i? Ó fúnra rẹ̀ kó wèrèpè wọlé!

"Yéè! Mo gbé! Ẹ gbà mí!"

Ọwọ́ rẹ̀ kò tó inú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó inú. Ó sá lọ sílé, ẹ̀rọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀já kò tú, ọ̀pá ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń gbà jáde ń wọ́ tẹ̀ lé e nílẹ̀. Ó kọjá òkìtì rẹ̀, ó lọ ń fi ẹ̀gbẹ́ ha ògiri. Ògiri ń họ igbá, kò họ ara. Ọ̀pá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá dojú kọ òkìtì. Ẹ̀rọ ń fẹ́, ọyẹ́ ń bá a fẹ́. Òkìtì ya. Àgbálùmọ̀ gba àárín pèrègún padà, gbirigbiri, gbirigbiri, ó wá dúró sídìí igi tó bí i.

Àwọn ọmọ Òkété tú jáde, wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń kọrin:

Ilé Òkété ni kó o sùn,
*Fẹ̀ẹ̀ẹ̀, máa bọ̀!*

Àkókó gbọ́ igbe, ó fò wá, ó pa ẹ̀rọ. Òkété tú kókó tó ta, ó sọ ọ̀já rẹ̀ sínú omi. Ó gbé epo àti eérú wá, ó fi pa Ìjàpá lórí, ó fi pa á lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀.

"Inú igbá ńkọ́?" ni Ìjàpá ń ké.

"Ọwọ́ mi kò wọ ibẹ̀."

Ìjàpá la ojú kan tó wú. Ó rí àwọn ọmọ tó ń kó àgbálùmọ̀ wọlé. Ẹ gbà á gbọ́, nínú ìnira yẹn, ọ̀fun rẹ̀ tún lọ sókè, ó lọ sílẹ̀.

"Ìyá Àjíkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní díẹ̀ nínú àgbálùmọ̀ mi yẹn."

Òkété nu epo kúrò lọ́wọ́. "Ilẹ̀ ta lo ti bá a?"

Títí di òní, bí ẹ bá rí Ìjàpá, á yọ orí jáde, á fà á wọlé, á tún yọ ọ́ jáde. Kò rí ibi tó ń yún un họ.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá ní òun yóò gbálẹ̀ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì ní kó o tìlẹ̀kùn mọ́rí, yọjú, kó o wo ohun tó ń gbá. Ìwọ tó o sì fẹ́ ra ẹ̀rọ, ra èyí tó mọ níwọ̀n ọgbà rẹ. Èyí tó bá ju ọgbà rẹ lọ, ọgbà ẹlòmíì lo fẹ́ fi jẹ.

Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí wèrèpè bà mí níbi tí ọwọ́ mi kò tó. Bí n kò bá sì purọ́, kí àgbálùmọ̀ bọ́ sí ọgbà mi lọ́la. Gbì!