Òkété Tó Ń Ta Àgúnmu Àpò Ìtọ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fẹsẹ̀ gbá ìkòkò tábà, ó yí gbiri, ó já sínú ihò Òkété.

Ní ìgbà kan rí, nílùú àwọn ẹranko, kò sí ẹni tí kì í fa tábà. Wọ́n á jí, wọ́n á fà á. Wọ́n á yó, wọ́n á fà á. Ti Òkété ló wá burú jù. Èéfín ni ọdẹ fi lé baba rẹ̀ jáde nínú ihò kó tó pa á. Òun náà wá jókòó sínú ihò kan náà, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe èéfín!

Nígbà tó yá, jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ pa Túùpú. Ìyá Ìgbín, oníṣègùn ìlú, pe gbogbo wọn jọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, tábà tí ẹ ń fà, àpò ìtọ̀ ni oró rẹ̀ ń lọ sùn sí. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá sì tọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, kó má wò ó níran, ì báà má dùn ún. Kó sáré wá bá mi."

Ẹ̀rù ba ìlú. Àmọ́ ta ni yóò fi tábà sílẹ̀? Òkété wo ojú wọn, ó rí i pé ọjà ti délẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí kò sì fẹ́ jáwọ́, oníbàárà gidi nìyẹn.

Ló bá lọ wá pòròpórò ọkà bàbà, èyí tó máa ń sọ omi di pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó gún un mọ́ atalẹ̀, ó dì í sínú ewé. Àáyá ló kọ́kọ́ dé.

"Òkété, kí lò ń tà?"

"Ẹ̀gbọ́n Àáyá, àgúnmu ni. Ẹ lá a láàárọ̀, kí ẹ fa tábà yín dalẹ́. Jẹjẹrẹ ò ní mọ ọ̀nà àpò ìtọ̀ yín."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ẹ ó tọ̀, á pọ́n. Àrùn ló ń jáde yẹn."

"Ìyá Ìgbín ní tó bá pọ́n ká sáré wá."

"Ìyá Ìgbín! Ẹni tó ń fi àyà rìn, ìgbà wo ni ìròyìn tuntun fẹ́ bá a? Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu kan wá."

"Apẹ̀rẹ̀ kan! Ṣé ìyàwó ni mo wá fẹ́ ni? Iṣu méjì."

"Iṣu méjì? Àpò ìtọ̀ èkúté lẹ fẹ́ tọ́jú ni àbí ti Àáyá? Ó dáa, ẹ mú àbọ̀ apẹ̀rẹ̀ wá. Torí ojú yín ni o. Ẹ má sọ fún ẹnì kankan."

Òkété mọ ohun tó ń ṣe. Kò sí ohun tó ń polówó ọjà tó "ẹ má sọ fún ẹnì kankan." Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti gbọ́.

Iyanrìn funfun kan wà lẹ́yìn ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n wá ń tọ̀ sí láràárọ̀, wọ́n ń fi ti ara wọn wéra. "Tèmi pọ́n ju tìẹ lọ!" Wọ́n á wá máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Àrùn ń lọ o,
Ó pọ́n!
Lórí iyanrìn,
Ó pọ́n!
Tábà ń bẹ lẹ́nu mi,
Ó pọ́n!

Iṣu kún ihò Òkété débi pé ìdí rẹ̀ ń yọ síta tó bá sùn. Àmọ́ òun ò fi àgúnmu náà kan ahọ́n. Ta ló ń jẹ ẹ̀tàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Òkété tọ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó pọ́n! Kò dùn ún rárá. Ó mu omi, ó tún tọ̀. Ó tún pọ́n. Túùpú ló ń rí lójú.

Ó sáré dọ́dọ̀ Ìyá Ìgbín. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń ti orí iyanrìn bọ̀ rí i, wọ́n tẹ̀ lé e wọlé.

"Ìyá, mo tọ̀, ó pọ́n."

Ìyá Ìgbín na ìwo méjèèjì, ó wò ó dáadáa. "Ṣé o lá àgúnmu rẹ?"

Òkété wẹ̀yìn. Àáyá ló dúró yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo... mo lá a, Ìyá."

"Àgúnmu ló pọ́n nígbà náà. Máa lọ sílé."

Àáyá fò sókè. "Ẹ ò rí i bí? Ó ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tó ni ín!" Wọ́n gbé Òkété lé orí, wọ́n ń jó lọ: Àrùn ń lọ o! Ó pọ́n!

Òkété wà lókè, ó ń wo ilẹ̀kùn Ìyá Ìgbín bó ṣe ń jìnnà. Bó bá dákẹ́, iṣu rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ikú ń bọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣu lọ. Ó tún ro iṣu yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má dá a lẹ́bi, iṣu ọ̀hún pọ̀! Ó wá figbe ta:

"Ẹ sọ̀ mí o! Mi ò tọ́ ọ wò rí! Pòròpórò lásán ni!"

Orin dá. Ọwọ́ tí wọ́n fi gbé e náà ni wọ́n fi jù ú sílẹ̀, gbì!

"Òkété, kí lo ní o fún wa lá?" ni Àáyá bi í.

"Pòròpórò, ẹ̀gbọ́n. Àti atalẹ̀ díẹ̀."

"Atalẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi tí mò ń wá!"

Àwọn kan sáré lọ kó iṣu wọn. Àwọn tó kù dà bo Ìyá Ìgbín. "Ìyá, tiwa tó pọ́n ńkọ́? Ṣé pòròpórò ni àbí ẹ̀jẹ̀?"

"Ẹ jáwọ́ nínú àgúnmu yẹn ná. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá mọ́, kó tètè padà wá."

Kò sẹ́ni tó kọrin lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ìgbín rí kókó kan nínú àpò ìtọ̀ Òkété. Kò tíì tóbi. Ó fi abẹ yọ ọ́.

"Ìyá," ni Òkété ń kérora, "àgúnmu wo ni kí n máa lá kó má bàa padà?"

"Kò sí."

"Àgbo ńkọ́?"

"Kò sí. Gbé ìkòkò tábà rẹ wá." Ó gbà á, ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀. "Má fà á mọ́. Kí o sì máa wá kí n máa yẹ̀ ọ́ wò."

"Kí ni kí n san fún ìmọ̀ràn yẹn?"

"Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ náà ni lọ́jọ́ tí Túùpú kú."

Òkété bú sẹ́kún. Abẹ ò dùn ún tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa jẹ oró lọ, kí ẹ ṣáà ti ra ẹ̀rọ̀ lọ́wọ́ òun, ẹ bi í bóyá òun náà ń lá a. Bí ìtọ̀ yín bá sì pọ́n, ẹ má kọrin o. Ẹ sáré.