Ẹja Ológìnní tí Ajá ń jẹ

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi yọ́ rìn, ó yọ́ rìn, kò tẹ ewé gbígbẹ, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé Ajá.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí gbogbo ẹranko ṣì ń gbé ìlú kan náà, iná jó abà kan lẹ́bàá odò. Àwọn tó ni abà sá lọ, wọn ò rántí ológbò kékeré tí wọ́n ń sìn. Ológìnní ni orúkọ rẹ̀. Erin, tó jẹ́ baálẹ̀ àwọn ẹranko, ló rí i níbi tó sá pamọ́ sí nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti jó. Ó ti rù kan egungun. Bí ewé bá mì, á fò sókè.

Erin pe gbogbo ìlú jọ. Ó ní, "Ta ni yóò gba ọmọ yìí sílé?"

Ewúrẹ́ ń wo ilẹ̀. Àgbò ń họ ara.

Erin ní, "Ẹni tó bá gbà á kò ní dá a bọ́. Gbogbo ojúlé yóò máa mú ẹja gbígbẹ wá fún un ní gbogbo ọjọ́ ọjà, títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, tí yóò máa jáde síta fúnra rẹ̀."

Bí Ajá ṣe gbọ́ ẹja, ìrù rẹ̀ ti ń jù kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. "Baba, ẹ gbé e fún mi. Èmi náà mọ ohun tí ojú ẹni tí kò nílé ń rí."

Kí n má purọ́ mọ́ Ajá, níbẹ̀rẹ̀, ó ṣe dáadáa. Ó fún ọmọ náà ní yàrá kan tó dákẹ́. Ó tẹ́ àpò sínú apẹ̀rẹ̀ fún un, ó gbé omi síbẹ̀, ó sì bu iyanrìn sínú àwo fífẹ̀ ní igun yàrá, kí ó máa rí ibi ṣe ìgbẹ́. Ológìnní sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ajá fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kò yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó yá, imú kékeré kan yọ jáde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rọra rìn wá sídìí abọ́, ó sì jẹun lójú Ajá.

Inú Ajá dùn. Àfi bó ṣe gbójú sókè tó rí agbọ̀n ẹja tí àwọn ará ìlú mú wá lórí àjà. Díẹ̀ ni Ológìnní ń jẹ níbẹ̀, Ajá ló ń jẹ ìyókù. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Tí ara ọmọ yìí bá balẹ̀ báyìí, ẹja tán nìyẹn."

Ó bọ́ síta. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó fi èékánná họ ògiri, ó da igbá bo ẹnu, ó sì fi ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló wà nínú yàrá yẹn?
*Gbìrìgìdì gbí.*
Jẹ́ kó jáde kí n rí i.
*Gbìrìgìdì gbí.*
Ẹnu mi fẹ̀ bí ẹnu kànga.
*Gbìrìgìdì gbí.*
Ológbò kan ò lè yó mi.
*Gbìrìgìdì gbí.*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ ohùn yín.

Ológìnní ti sá padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ajá ju igbá nù, ó wá gbó kíkankíkan bí ẹni tó ń lé nǹkan lọ. Ó wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Má bẹ̀rù. Mo ti lé e."

Láti ọjọ́ náà, bí Ológìnní bá ti gbìyànjú àtijáde, orin dé. Bí àwọn ará ìlú bá béèrè rẹ̀, Ajá á mi orí. "Ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀ o. Ẹ ṣáà máa mú ẹja bọ̀."

Ewúrẹ́ wò ó sókè, ó wò ó sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Ajá, ọmọ tí ẹ̀ ń tọ́ kọ̀, kò sanra. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá ń bá a sanra ni?"

Ajá rẹ́rìn-ín, ó yára ti ilẹ̀kùn. Nínú ọkàn rẹ̀, ojú ti ń tì í. Bó bá ń jẹ ẹja, ó ń kẹ̀yìn sí yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá, Ológìnní ò jẹun mọ́. Omi rẹ̀ ò dín. Iyanrìn rẹ̀ gbẹ. Irun rẹ̀ dìde ṣáṣá, ikùn rẹ̀ wú, ó ń họ etí títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ajá dáwọ́ orin dúró, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jáde. Kò jáde. Ẹ̀rù wá ba Ajá, torí ó rí i pé ọmọ yìí lè kú sí òun lọ́wọ́. Ó sáré lọ pe Ìyá Ìgbín, ẹni tó ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n gbé sọ nù.

Ìyá Ìgbín wọlé. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó jókòó sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó gbé ẹja rírẹ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ajá fẹ́ na ọwọ́ fa ọmọ náà.

Ìyá Ìgbín ní, "Fi í sílẹ̀. Tó o bá fà á báyìí, kò ní gbà ọ́ gbọ́ mọ́. Jókòó jẹ́ẹ́."

Wọ́n jókòó títí oòrùn fi rọ̀. Ológìnní rákò jáde. Ó gbóòórùn ìkarahun Ìyá Ìgbín, ó sì dùbúlẹ̀ tì í. Ìyá Ìgbín yẹ etí rẹ̀ wò, ó rọra tẹ ikùn rẹ̀.

"Aràn wà níkùn rẹ̀, màá fún un ní oògùn rẹ̀. Eégbọn ló kún etí yìí, Lékèélékèé á bá wa ṣà á. Àmọ́ ẹ̀rù tó wà lára rẹ̀ ju àìsàn lọ. Kí ló ń dẹ́rù bà á?"

Erin àti Ewúrẹ́ ti gbọ́ pé ara ọmọ náà ò yá, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà. Ológìnní ló dáhùn, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Baba, nǹkan kan ló ń wá kọrin lẹ́yìn ilé, pé òun fẹ́ jẹ mí. Ẹ̀gbọ́n mi Ajá ló ń bá mi lé e. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ẹja mi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá kú, ẹ máa fún wọn lẹ́ja lọ."

Erin gbé ọwọ́jà lé Ajá lórí. "O ṣeun, ọmọ mi. Gbogbo ìlú dúpẹ́."

Ewúrẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Mo fi yín ṣẹ̀sín."

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí Ajá bá dákẹ́, ó bò ó nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò lè gbé orí sókè lábẹ́ ọwọ́jà Erin. Ó fẹ́ sọ ọ́, kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Ló bá fi ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ yẹn kọ ọ́ lórin, jẹ́jẹ́:

Ta ló wà nínú yàrá yẹn?

Ológìnní fò sẹ́yìn Ìyá Ìgbín. Lẹ́yìn náà ló wá yọjú, ó wo ẹnu Ajá. Ó wò ó títí.

Kò sẹ́ni tó dáhùn orin náà. Kò sẹ́ni tó nà án. Erin kàn mú ọwọ́jà rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Ilé Ìyá Ìgbín ni Ológìnní lọ. Aràn jáde, etí jinná, ó ń sùn sínú oòrùn níta. Iṣẹ́ tí Erin fún Ajá ni pé kó máa ru iyanrìn tuntun lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Bó bá dé, Ológìnní á ká ẹ̀yìn sókè, á ké fín-ín mọ́ ọn. Ajá á gbé iyanrìn sílẹ̀, á ki ìrù bọ abẹ́, á yí padà. Kò ní kí wọ́n dárí ji òun. Ó ń gbé iyanrìn náà lọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí ẹ̀rù lé wá bá yín, ẹ má fi ẹ̀rù rẹ̀ wá oúnjẹ. Ẹ fún un ní ibi tó dákẹ́, ẹ tọ́jú ara rẹ̀, kí ẹ sì jókòó dè é.

Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ bi ajá ilé yín léèrè ẹja, kí ẹ wo ibi tí yóò kọjú sí.