Láṣebìkan Kò Jẹ́ Ajá Òṣù

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí odi ìlú Ìmọ̀gún ṣì ga ju igi ọ̀pẹ lọ, balógun kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Láṣebìkan, akọni tí kì í fi ẹ̀yìn han ọ̀tá, òkè tí í dá ìjì padà. Adérójú ni ọba ìlú náà, ìlara sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ogun tí Láṣebìkan bá ṣẹ́, ọba a ní òun ni òun ṣẹ́ ẹ. Ẹ má retí pé kí n yin irú ọba bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìràwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ṣàdéédé yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá. Ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí igi fi ní òjìji lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn àgbà fi la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ìràwọ̀ Láṣebìkan ni. Ọ̀rọ̀ yìí gún ọba lọ́kàn.

Ó pe ìlú jọ síwájú ààfin. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé òṣùpá ni ìràwọ̀ yìí ń tẹ̀ lé? Èmi ni òṣùpá, ajá mi sì nìyẹn. Láṣebìkan, láti òní lọ, Ajá Òṣù ni orúkọ rẹ. Ajá Òṣù o!"

Òfin Ìmọ̀gún ni pé ọmọ ìlú tí ó bá jẹ́ orúkọ tí ọba sọ ọ́, níbikíbi tí ó wù kí ó wà, ìbáà ṣe "hùn" lásán ni ó fi dáhùn, òun àti àtọmọdọ́mọ rẹ̀ di ẹrú ààfin.

Láṣebìkan kò jẹ́. Ó dìde, ó ní, "Kábíyèsí, Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Ẹ jẹ́ kí òṣùpá yìí lọ. Bí ìràwọ̀ náà bá bá a lọ, mo jẹ́ ẹ. Bí ó bá dúró, ẹ yọ̀ǹda èmi àti ará ilé mi kí a máa lọ."

Ọba gbà, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ ojú ọ̀run rárá.

Òṣùpá ń jìnnà sí ìràwọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, títí a kò fi rí i mọ́. Nígbà náà ni àwọn ará ìlú gbójú sókè ní ọ̀sán gangan, wọ́n sì rí ìràwọ̀ náà ní òun nìkan, ó ń tàn níṣojú oòrùn. Ẹ̀rù bà wọ́n, inú wọn sì dùn. Láṣebìkan kó ará ilé rẹ̀ jáde, wọ́n sì tẹ ìlú kan dó tí wọ́n pè ní Kòjẹ́.

Adérójú kò jáwọ́. Nígbà tí ìràwọ̀ náà ṣá, tí ó sì kú, ọba ránṣẹ́ sí Láṣebìkan pé, "Ìràwọ̀ rẹ dà?"

Láṣebìkan fèsì pé, "Ó kú. Ṣùgbọ́n kò sin ẹnikẹ́ni kí ó tó kú."

Ọjọ́ ogbó dé. Ọgbẹ́ ogun àtijọ́ dá akọni dùbúlẹ̀, ó sì ń kérora láti òwúrọ̀. Adérójú, tí òun náà ti di arúgbó, kó ẹlẹ́rìí lẹ́yìn, ó ní òun wá kí aláìsàn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, ó pè é pé, "Ajá Òṣù!"

Láṣebìkan pa eyín pọ̀, kí ìkérora rẹ̀ má baà di ìdáhùn. Ìkérora dáwọ́ dúró. Ọba pè, ó pè, títí ohùn rẹ̀ fi há.

Àwẹ̀ró, ọmọ Láṣebìkan, fọwọ́ kan àyà bàbá rẹ̀. Ó gbójú sókè, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ dákẹ́, Kábíyèsí. Òkú lẹ ń pè."

Wọ́n ri òkúta funfun mọ́ ojú oórì rẹ̀ láàárín ìlú. Títí di òní, bí o bá dúró síta tí o pe ọmọ Kòjẹ́, kò ní dáhùn. Yóò jáde, yóò wo ojú rẹ, yóò sì bi ọ́ pé, "Ìwọ ta ni?"