Ìdámẹ́rin Tí Wọ́n Fojú Fò

"Àjẹkù ọbẹ̀ ni a lè dà nù, a kì í da àjẹkù ìwọ̀n nù." Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sọ fún Ọnàdípẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, ní ọjọ́ tí ó fi omijé ojú wá bèèrè òye lọ́wọ́ òrìṣà. Òkú kan ni kò wọ inú pósí tí ó kàn.

Bàbá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ igi sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀, Ṣówándé. Ọnàdípẹ̀ ń kan pósí, Ṣówándé ń kan òrùlé. Bàbá náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀pá ìwọ̀n tí ó fi ọ̀bẹ fá àmì ẹsẹ̀, ìyẹn fúùtù, sí. Nígbà tí mítà dé, tí àwọn onípákó kò ta igi ní ẹsẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì fi ẹnu ara wọn ṣòfin pé mítà kan, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n mọ̀ pé nǹkan díẹ̀ ṣẹ́ kù lórí rẹ̀. Wọ́n ní díẹ̀ náà kò tó nǹkan.

Àwọn ọmọ Jagunlábí, ọkùnrin gíga kan, ránṣẹ́ láti ìlú ńlá pé kí Ọnàdípẹ̀ kan pósí mítà méjì fún bàbá wọn. Ọnàdípẹ̀ kan ẹsẹ̀ mẹ́fà. Lójú gbogbo ẹbí, ipá ni wọ́n fi ká orúnkún olóògbé kí ìdérí tó padé. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin kò bú Ọnàdípẹ̀, ó kàn yíjú kúrò lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tí òkú kú fún ti ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá lọ sí ìlú mìíràn. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, nítorí ó ń rí orúnkún náà nígbà gbogbo.

Ó mú àbúrò rẹ̀ dání, wọ́n tọ Ìyá Ẹfúnwùmí lọ, arúgbó tí ń fi owó ẹyọ wádìí. Ìyá náà da owó ẹyọ sórí àtẹ, ó wò ó.

"Òkú kọ́ ló ń bá ọ jà," ni ó wí. "Ohun tí o mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù, tí o sì fojú fò, òun ló ń bá ọ jà. Ìwọ àti àbúrò rẹ, ẹ rúbọ."

"Kí ni ẹbọ náà, ìyá?"

"Ìgbín mẹ́rin, epo pupa, àti ọ̀pá tí bàbá yín fún yín. Ẹ ṣẹ́ ẹ, kí ẹ kó o mọ́ ẹbọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jókòó síwájú ẹni tí yóò kọ́ yín ní ìwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá rú u, ohun tí ó fẹ́ràn ni yóò fi dí àlàfo tí ó fi sílẹ̀."

Ṣówándé rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ má bínú. Ọ̀pá yìí ni wọ́n fi kan òrùlé ilé yín. Ṣé òjò ti rọ̀ sí yín lórí rí?"

"Òjò tí ń bọ̀ ni mo ń wí," ni ìyá náà dáhùn.

Ọnàdípẹ̀ rúbọ. Nígbà tí ó ń ṣẹ́ ọ̀pá bàbá rẹ̀, ó sunkún. Ó wá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun, láàrin àwọn tí ó lè fi ṣe ọmọ-ọmọ. Olùkọ́ bi í pé èwo ló pọ̀ jù, ìdajì tàbí ìdámẹ́rin. Ó ní ìdámẹ́rin ni, nítorí ẹ̀rin ju èjì lọ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Olùkọ́ mú iṣu sísè méjì tí ó dọ́gba, ó gé ọ̀kan sí méjì, ó gé èkejì sí mẹ́rin.

"Bàbá, bí ebi bá ń pa yín, èwo lẹ máa mú nínú ègé wọ̀nyí?"

Ọ̀rọ̀ yé bàbá. Ó fi téèpù tí ó ní àmì ẹsẹ̀ àti ti mítà wọn mítà kan fúnra rẹ̀, ó rí i pé ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ìdámẹ́rin ni mítà kan, ó sì tún lé díẹ̀. Mítà méjì wá ju ẹsẹ̀ mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ. Ààbọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ni Jagunlábí ìbá fi na orúnkún rẹ̀.

Èmi kì í fẹ́ sọ ibi tó kù, ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe ẹja tí a ó yọ egungun rẹ̀ fún àlejò.

Ṣówándé ń kọ́ ilé ìdáná fún ìyàwó rẹ̀. Bíríkìlà sọ fún un pé láti ògiri dé ògiri, mítà mẹ́rin ni. Ó gé ìtì igi tí yóò gbé òrùlé ní ẹsẹ̀ méjìlá, igi náà kò sì kan ògiri kejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gé òmíràn. Ó ní igi wọ́n. Ó fi ègé igi kékeré lẹ̀ ẹ́ nídìí, ó fi ìṣó kàn án pọ̀, ó sì kan páànù lé e. Nígbà tí òjò ńlá dé, ibi tí ó lẹ̀ náà já. Ayọ̀ká, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ń dáná lábẹ́ rẹ̀. Kò jáde.

Ṣówándé wá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pé kí ó kan pósí Ayọ̀ká. Ọnàdípẹ̀ mú téèpù, ó tẹ̀ lé e lọ sílé, ó wọn ọmọ náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mítà kan àti ìdámẹ́rin ni. Ó tún un wọ̀n, ó fi àyè díẹ̀ kún un, ó sì gé pákó. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, Ṣówándé kọjú sí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò há mọ́ ọn?"

"Kò há mọ́ ọn. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa."

Báyìí ni Ọnàdípẹ̀ tí ó rúbọ ṣe là. Àwọn tí òkú kú fún ń ti ọ̀nà jíjìn wá a, nítorí wọ́n gbọ́ bí pósí ọmọ náà ti dára tó. Ṣówándé tí ó kẹ́gàn ẹbọ kábàámọ̀, àbámọ̀ náà kò sì jí ọmọ rẹ̀ dìde. Ó ń kọ́ ìwọ̀n lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí. Bí ìka rẹ̀ bá ti ń tọ téèpù lọ, tí ó bá dé mítà kan àti ìdámẹ́rin, ìka náà a dúró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a sì bá a ka èyí tó kù.