Táyà Balógun Fẹ̀ Láìtú U

Ọkọ̀ Balógun rì sínú ẹrẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, táyà ń yí lásán. Ó pàṣẹ fún Àtàndá, dẹ́rẹ́bà rẹ̀: "Táyà yìí tín-ín-rín jù. Mú un fẹ̀ kí n tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí tán. Má tú u, má ra òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbé kọ́kọ́rọ́ mi sílẹ̀." Àtàndá bẹ̀rẹ̀, ó fi igi tẹ ẹnu táyà, afẹ́fẹ́ ń jáde fùù. Balógun pariwo: "Orí ẹ dàrú ni? Ṣé ẹsẹ̀ ni kí n fi rìn délé?" Àtàndá bọ́ sí èkejì. Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dẹ̀, wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n gba ilẹ̀ mú, ọkọ̀ sì gòkè. Balógun sọ̀ kalẹ̀, ó yí ọkọ̀ po, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ó mà fẹ̀ o! Kí lo fi kún un?" "Mo yọ afẹ́fẹ́ níbẹ̀ ni, Bàbá. Ohun tó bá wú jù kì í lẹ̀ mọ́lẹ̀." "Táyà lò ń bá wí ni, àbí èmi?" "Táyà ni, Bàbá." Balógun padà wọkọ̀, ó ń wo ikùn ara rẹ̀.